Eré Ọkọ̀ àti Òfin Newton

Bí awakọ̀ bá tẹ bíréèkì lójijì, gbogbo èrò inú ọkọ̀ a fì síwájú. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé agbára kan ni ó tì wọ́n. Kò rí bẹ́ẹ̀. Isaac Newton, ọ̀mọ̀wé ará Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ òfin rẹ̀ sínú ìwé ní ọdún 1687, pé ohun tí ń lọ yóò máa lọ gbọọrọ ní ìwọ̀n eré kan náà, títí agbára mìíràn yóò fi dá a dúró tàbí yí i padà. Ọkọ̀ ni bíréèkì mú. Ara èrò ṣì ń bá ìrìn rẹ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Lórí ọ̀nà gbígbẹ, ọkọ̀ kékeré tí ń sá máìlì 20 ní wákàtí kan yóò rìn tó ẹsẹ̀ bàtà 20 lẹ́yìn tí a tẹ bíréèkì rẹ̀, kí ó tó dúró. Bí eré náà bá di máìlì 40, ẹsẹ̀ bàtà 80 ni, kì í ṣe 40. Eré di ìlọ́po méjì, ọ̀nà di ìlọ́po mẹ́rin.

Nítorí náà, ẹ̀yin oníṣòwò tí ń rọ awakọ̀ pé kí ó sáré kí ọjà má baà tú, ẹ rántí ọmọ tí ń sọdá títì níwájú. Ọjà tí a kò bá lónìí, a ó ná òmíràn. Ẹ̀mí tí ó bá lọ kì í padà.