Kí Síídì Tí A Ṣe Nílé Lè Kọrin Nínú Rẹ́díò Gbogbo

 

Ọjọ́ Àṣà ti ń sún mọ́lé. Àwọn oníjó wa ń fi rẹ́díò ilé ìwé dánra wò, àmọ́ ọ̀tọ̀ ni rẹ́díò tí a máa háyà lọ́jọ́ náà. Bí síídì bá kọ̀ tí kò kọrin lójú àwọn òbí, kí ni wọ́n máa jó sí? Èmi ni wọ́n ní kí n ṣe síídì yẹn, bí mo ṣe ń ṣe é nìyí.

Iná tín-ín-rín kan ló ń ka síídì nínú rẹ́díò. Síídì tí wọ́n ṣe ní ilé iṣẹ́ ńlá, ihò wẹ́wẹ́ ni wọ́n tẹ̀ sínú rẹ̀. Tiwa kò ní ihò; aró ló ní, iná kọ̀ǹpútà ló sì ń sun àmì sínú aró náà. Rẹ́díò míì kì í rí àmì yẹn dáadáa. Torí náà:

1. CD-R ni kí ẹ rà, kì í ṣe CD-RW. CD-RW ṣeé pa rẹ́, àmọ́ kì í dá iná padà tó, rẹ́díò àtijọ́ púpọ̀ kì í lè kà á.

2. Ẹ yan "Audio CD" lórí kọ̀ǹpútà. Ìṣẹ́jú 80 péré ló ń gbà. Orin MP3 tó máa wọ inú síídì kan pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, àmọ́ rẹ́díò tí kò mọ MP3 ò ní kọ ẹyọ kan.

3. Ẹ má sáré. Dípò 52x, 16x ni mo máa ń yàn. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

4. Ẹ jẹ́ kó "finalize" kí ẹ tó yọ ọ́. Bí ẹ ò bá ṣe é, kọ̀ǹpútà lè kọ ọ́, kí rẹ́díò ní òun ò rí nǹkan kan.

5. Ẹ má lẹ bébà mọ́ ọn, kó má baà máa mì bó ṣe ń yí. Máríkà ni kí ẹ fi kọ orúkọ sí i, kì í ṣe báírò, torí abẹ́ ojú tí à ń kọ̀wé sí gan-an ni orin wà.

6. Bí ẹ bá ń nù ún, láti àárín lọ sí etí ni, ẹ má nù ún yípo.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi í sínú rẹ́díò bíi mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí ẹ kọ́kọ́ fi èyí tó gbó jù dán an wò. Ẹ ṣe méjì, kí ọ̀kan wà nípamọ́.

Ẹni tí wọ́n bá ní rẹ́díò àtijọ́ nílé wọn, kó jọ̀ọ́ wá sọ fún mi. Mo fẹ́ fi dán tiwa wò kí ọjọ́ tó pé.