Síídì Tí Ò Sí Nínú Ẹ̀rọ

Ẹ mú laptop tuntun èyíkéyìí ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Arakale, l'Ákùúrẹ́, kẹ́ ẹ yẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wò: ojú ibi tí wọ́n ń ki síídì bọ̀ ò sí níbẹ̀ mọ́. Kí la wá fẹ́ ṣe sí Encarta Africana tó jáde lórí síídì lọ́dún 1999, èyí tí Henry Louis Gates àti Kwame Anthony Appiah ṣe olóòtú rẹ̀, tí Wọlé Ṣóyínká náà sì wà lára àwọn olùdámọ̀ràn?

Ẹ yá ẹ̀rọ síídì tó ń lo okùn USB. Ètò bíi ImgBurn á ṣe àdàkọ síídì yẹn sínú fáìlì kan ṣoṣo, ISO. Kì í ṣe àwọn fáìlì inú ẹ̀ nìkan o. Bí wọ́n ṣe tò tẹ̀léra gan-an ni. Síídì kan ò ju nǹkan bíi 700 MB lọ, fláàṣì kékeré á gba ọ̀pọ̀.

Láti Windows 8, ti ọdún 2012, ẹ kàn fi bọ́tìnnì ọ̀tún máòsì tẹ ISO, kẹ́ ẹ mú "Mount". Lẹ́tà tuntun, bíi E:, á yọ. Irọ́ ni Windows ń pa fún ètò yẹn: tó bá ní òun fẹ́ apá kan lára síídì, inú fáìlì ni Windows á ti lọ bù ú wá. Kò mọ̀ pé kò sí nǹkan tó ń yí. Ó tiẹ̀ yá ju síídì gidi lọ.

Àwọn géèmù àtijọ́ kan á ṣì kọ̀. SafeDisc ló ń ṣọ́ wọn, Windows 10 ò sì gbà á mọ́: ISO á ṣí, géèmù ò ní ṣí. Síídì tó ti ha jù ńkọ́? Ẹ̀rọ ò lè ṣe àdàkọ ohun tí kò rí kà.