Irúgbìn kárọ́ọ̀tì: èwo ni ká fi sílẹ̀, èwo ni ká fà tu?

Ẹ̀yin àgbẹ̀, ẹ wo ebè kárọ́ọ̀tì kan dáadáa. Ọjọ́ kan náà lẹ gbìn ín, inú agolo kan náà ni irúgbìn rẹ̀ ti wá. Síbẹ̀, ọ̀kan gùn, ọ̀kan kúrú. Ewé ọ̀kan ti jó, ti ìkejì rẹ̀ ṣì tutù. Kí ló fà á?

Ilẹ̀ àti omi wà níbẹ̀ o. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ mìíràn, inú irúgbìn ló ti wá. Oyin àti eṣinṣin ló ń gbé lẹ́búlẹ́bú òdòdó kárọ́ọ̀tì kan lọ sórí òmíràn. Irúgbìn ní bàbá, ó ní ìyá. Bí àwọn ọmọ ìyá kan náà kò ṣe jọra tán nínú ilé wa, bẹ́ẹ̀ náà ni ti kárọ́ọ̀tì.

Ìyàtọ̀ yìí ni àwọn èèyàn ń lò. Nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn, ní ìhà Àfùgànístáànì àti Íráànì, kárọ́ọ̀tì aláwọ̀ àlùkò àti aláwọ̀ ìyeyè ni wọ́n ń gbìn. Èyí tó pọ́n bí ìbẹ́pẹ, ilẹ̀ Họ́láǹdì ló ti gbilẹ̀ láàárín ọdún 1600 sí 1700. Àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ ń fi èyí tó wù wọ́n sílẹ̀ kó so irúgbìn.

Ní Bùràsíìlì, ooru ló ń dà wọ́n láàmú, bíi tiwa. Àwọn onímọ̀ iṣẹ́ àgbẹ̀ gbin kárọ́ọ̀tì sínú ooru yẹn gan-an. Èyí tí àrùn jẹ ewé rẹ̀, wọ́n jù ú nù. Èyí tó dúró, wọ́n gba irúgbìn rẹ̀, wọ́n tún un gbìn, leralera. Ní 1981, wọ́n mú oríṣi kan jáde tí wọ́n pè ní Brasília.

Ọ̀rọ̀ tiwa wá nìyí. Kárọ́ọ̀tì a máa fẹ́ òtútù kó tó yọ òdòdó lọ́dún kejì. Ilẹ̀ wa móoru, ìdí nìyẹn tí a fi ń ra irúgbìn. Nígbà míì ẹ óò rí ọ̀kan tó sáré yọ òdòdó lórí ebè. Ẹ má yọ̀ pé ẹ rí irúgbìn ọ̀fẹ́! Ẹ fà á tu. Gbòǹgbò rẹ̀ a le bí igi, àwọn ọmọ rẹ̀ náà á sì fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá ń gbin irúgbìn rẹ̀ lọ́dọọdún, ìwà burúkú lẹ̀ ń ṣà jọ, wàhálà omi pípọn á sì wọgbó.

Kí ẹ tó ra agolo, ẹ kà á, ẹ ṣáà ti mọ̀wé báyìí. Ẹ wá oríṣi tó ń fara da ooru. Bí ẹ bá rí F1 lára rẹ̀, ìyá àti bàbá rẹ̀ jẹ́ oríṣi méjì tí wọ́n dìídì so pọ̀. Ọmọ wọn a dọ́gba lórí ebè. Ṣùgbọ́n irúgbìn tí ọmọ yẹn bá so, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni yóò hù. Kò ní jọ èyí tẹ́ ẹ rà.