Rotterdam: Ọkọ̀ ojú omi tó gbé owó ilé mì

Nínú ọkọ̀ ojú omi kan tí wọ́n so mọ́ èbúté ìlú Rotterdam ní ilẹ̀ Nẹ́dálándì, àtẹ̀gùn kan wà tó dà bí idán. Èèyàn méjì lè máa gùn ún lẹ́ẹ̀kan náà láti ìsàlẹ̀ dé òkè kí wọ́n má sì fojú gán-án-ní ara wọn. Bí a bá wò ó dáadáa, àtẹ̀gùn méjì ni, tí wọ́n lọ́ mọ́ra bí irun dídì. Nígbà kan, ọ̀kan ń já sí ọ̀dọ̀ àwọn olówó, èkejì ń já sí ọ̀dọ̀ àwọn tí àpò wọn kò jìn tó bẹ́ẹ̀.

SS Rotterdam lorúkọ ọkọ̀ náà. Ìlú tí wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ náà ni wọ́n ti kàn án fún ilé-iṣẹ́ Holland America Line. Ọbabìnrin Juliana ló sọ ọ́ sómi lọ́jọ́ 13 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1958. Gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 228, èrò tó sì lè gbé lé ní 1,400. Nígbà tó kọ́kọ́ gbéra lọ sí New York lọ́jọ́ 3 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1959, Beatrix ọmọ ọbabìnrin wà nínú rẹ̀.

Àsìkò tó dáyé kò fi bẹ́ẹ̀ sàn án. Oṣù Kẹwàá ọdún 1958, nígbà tí wọn kò tíì kàn án tán, ni bàálù jẹ́ẹ̀tì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò sọdá òkun Atlantic. Ìrìn tí ọkọ̀ omi ń fi ọ̀pọ̀ ọjọ́ rìn, wákàtí díẹ̀ ni bàálù fi ń parí rẹ̀. Àmọ́ àwọn tó ya àwòrán ọkọ̀ yìí ti fura. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ àtijọ́, bí ẹni gé iṣu ni wọ́n ṣe ń pín in: àárín jẹ́ ti olówó, ẹ̀yìn jẹ́ ti mẹ̀kúnnù. Ní ti Rotterdam, orí ara wọn ni wọ́n to kíláàsì méjèèjì sí, tí oníkálukú ní gbọ̀ngàn àti ọ̀nà ìnàjú tirẹ̀ láti iwájú dé ẹ̀yìn. Bí ó bá wá di ìrìn àjò afẹ́, wọn yóò fa ilẹ̀kùn kan síbí, wọn yóò sún pákó kan sọ́hùn-ún níbi àtẹ̀gùn, gbogbo ọkọ̀ a sì di ọ̀kan. Ọgbọ́n yìí ni kò jẹ́ kó kú pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ náà lò ó títí di ọdún 1997.

Ọgbọ́n mìíràn wà níbi ẹ́ńjìnnì. Wọ́n sún un sẹ́yìn, wọ́n sì fi ọ̀pá èéfín tẹ́ẹ́rẹ́ méjì rọ́pò ẹyọ kan gbàǹgbà tó máa ń wà láàárín ọkọ̀. Èyí ló fi àyè sílẹ̀ fún àwọn gbọ̀ngàn ńláńlá: ilé oúnjẹ La Fontaine àti Odyssee, ilé sinimá, àti gbọ̀ngàn ijó Ritz-Carlton tó jẹ́ alájà méjì. Ibi ìlúwẹ̀ẹ́ kan wà níta, òmíràn wà nísàlẹ̀ ikùn ọkọ̀.

Lọ́dún 1997 kan náà, Premier Cruises rà á, wọ́n sì sọ ọ́ di Rembrandt. Nígbà tó di ọdún 2000, ilé-iṣẹ́ náà kógbá wọlé, ọkọ̀ sì dúró gbági sí Freeport ní Bahamas.

Ẹni tó wá gbà á sílẹ̀ ló yani lẹ́nu. Woonbron ni, ilé-iṣẹ́ tó ń kọ́ ilé tí àwọn tí owó kò sí lọ́wọ́ wọn ń háyà. Èrò wọn kò burú: Katendrecht, àdúgbò atukọ̀ àtijọ́ ní Rotterdam tó ti di ẹdun arinlẹ̀, yóò rí ohun tí àlejò yóò máa wá wò, àwọn ọ̀dọ́ yóò sì rí ibi kọ́ṣẹ́. Ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.

Asbestos ló wà lẹ́yìn ẹ̀fà yìí. Àwa náà mọ̀ ọ́n, òun ni ọ̀pọ̀ fi ṣe síílìn ilé wọn nígbà kan. Ooru omi híhó ló ń gbé ọkọ̀ Rotterdam rìn nígbà náà, asbestos ni wọ́n sì fi di bọ́ílà àti páìpù kí iná má baà ràn. Bí kò bá sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án, ó lè jókòó jẹ́jẹ́. Ìgbà tí wọ́n bá fọ́ ọ ni eruku rẹ̀ ń wọ ẹ̀dọ̀fóró, tó sì lè fa jẹjẹrẹ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Ta ló fẹ́ tún ọkọ̀ ṣe tí kò ní ṣí ògiri? Wọ́n gbé e dé Cádiz ní Sípéènì, wọ́n gbé e dé Gdańsk ní Pólándì níbi tí ọ̀rọ̀ asbestos ti dá wàhálà sílẹ̀, kó tó bọ́ sí Wilhelmshaven ní Jámánì. Nígbà tó padà wọ Rotterdam lóṣù Kẹjọ ọdún 2008, èrò ya lọ sétí odò láti kí i.

Owó tó ti wọlé sínú rẹ̀ lé ní mílíọ̀nù 200 Yúrò. Bí mílíọ̀nù 30 Yúrò ni Woonbron tà á fún WestCord Hotels. Lọ́dún 2014, ìgbìmọ̀ ilé aṣòfin Nẹ́dálándì tó ń wádìí àwọn ilé-iṣẹ́ onílé bíi Woonbron gbé ọ̀rọ̀ ọkọ̀ náà yẹ̀ wò ní gbangba.

Òtẹ́ẹ̀lì oníyàrá 254 ni lónìí, pẹ̀lú ilé oúnjẹ àti ìtàgé, àlejò sì lè sọ̀ kalẹ̀ lọ wo bọ́ílà. Wọ́n dá ọ̀pọ̀ ohun èlò àtijọ́ padà síbi tí wọ́n wà, iṣẹ́ náà sì mọ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n owó àwọn ayálégbé kọ́ ló yẹ kí wọ́n fi ṣe é.