Land Rover Ológun Tó Ti Gbó: Bí A Ṣe Ń Wá Àìsàn Rẹ̀ Kí A Tó Náwó Sí I

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lọ́tẹ̀ yìí jẹ mọ́ ọkọ̀ tí àwọn kan nínú ẹgbẹ́ wa ń rà ní gbàǹjo, tàbí lọ́wọ́ ẹni tó rà á ní gbàǹjo, èyíinì ni Land Rover tí àwọn ológun ti lò kí wọ́n tó tà á. Ìdí tí wọ́n fi ń rà á kò fara sin. Ọ̀nà oko kò dára, òjò kì í sì í dúró de ẹni tó fẹ́ kó kòkó jáde. Ọkọ̀ tí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń fà lè kọjá níbi tí ọkọ̀ mìíràn yóò ti rì mọ́ ẹrẹ̀.

Ṣùgbọ́n owó tí ẹgbẹ́ fi ń ra irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe owó ẹnì kan. Bí ó bá wá dúró sẹ́yìn ilé ẹgbẹ́, tí koríko ń hù yí táyà rẹ̀ ká, owó gbogbo wa ló jókòó síbẹ̀ yẹn. Ohun tí a sì ti rí ni pé, lọ́pọ̀ ìgbà, àìsàn ọkọ̀ gan-an kọ́ ló ń jẹ owó náà. Pípààrọ̀ nǹkan kí a tó mọ èyí tó bàjẹ́ ló ń jẹ ẹ́. Wọ́n á ra kọ́ìlì tuntun, wọ́n á ra bátìrì, wọ́n á tú káábúrétọ̀ palẹ̀, nígbẹ̀yìn ó lè jẹ́ pé ìdọ̀tí díẹ̀ ló dí ọ̀nà epo.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ irú ọkọ̀ tó jẹ́. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, ọ̀gbẹ́ni Maurice Wilks, ọ̀gá àwọn tó ń ya àwòrán ọkọ̀ ní ilé iṣẹ́ Rover ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ń lo Jeep ológun àlòkù kan ní oko rẹ̀ ní Anglesey. Jeep náà ń gbó lọ, òun náà sì ń rò ó pé kí ni òun yóò fi rọ́pò rẹ̀. Inú èrò yìí ni Land Rover ti jáde, wọ́n sì kọ́kọ́ fi í han gbogbo ayé ní Amsterdam ní oṣù kẹrin ọdún 1948. Nítorí náà, ọkọ̀ àgbẹ̀ ni láti ìbẹ̀rẹ̀; àwọn ológun ló wá gbà á lò. Èyí tí wọ́n ń pè ní Series III jáde ní 1971, wọn kò sì ṣe é mọ́ lẹ́yìn 1985. Ẹni tó bá ń rà á lónìí, ọkọ̀ tó ju ogójì ọdún lọ ló ń rà yẹn.

Kí owó tó kúrò lọ́wọ́, ẹ wo abẹ́ rẹ̀. Alumíníọ̀mù ni wọ́n fi ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú ara Land Rover, kì í sì í dípẹtà bíi páànù irin. Èyí ló ń tan ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ. Wọ́n á rí ara tó ń dán, wọn kò ní mọ̀ pé irin ni sàsí tó gbé gbogbo rẹ̀ dúró, pé inú sàsí náà ṣófo bí àpótí, àti pé láti inú ni ìpẹtà ti ń jẹ ẹ́. Ẹ mú òòlù kékeré, kí ẹ máa kàn án láti iwájú dé ẹ̀yìn. Irin tó yè yóò dún gan-an. Èyí tó ti jẹrà yóò dún bọ́bọ́. Níbi tó bá ti dún bẹ́ẹ̀, ẹ fi orí súkúrúdíráfà tẹ̀ ẹ́. Bí ó bá wọlé, ẹ ti mọ̀. Ọ̀pá ìdábùú ẹ̀yìn pátápátá àti àwọn apá tó na síta láti gbé ara ọkọ̀ ni kí ẹ yẹ̀ wò jù. Ẹ́ńjìnnì tó kú kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ sàsí tó jẹrà. Bí ẹgbẹ́ bá sì gbà láti jó o, ẹ kìlọ̀ fún wẹ́dà: abẹ́ ìjókòó iwájú ni táǹkì epo wà, àwọn ọkọ̀ ológun mìíràn sì ní méjì. Kí wọ́n yọ táǹkì kúrò pátápátá, kí wọ́n sì tú bátìrì, kí iná tó kan irin.

Ọ̀rọ̀ iná mànàmáná ló kàn, ibẹ̀ ni Land Rover ológun ti yàtọ̀ sí ti ará ìlú jù lọ. Kì í ṣe gbogbo wọn ni fóòtì 12. Àwọn tí wọ́n ṣe láti gbé ẹ̀rọ rédíò ológun ń lo fóòtì 24, bátìrì fóòtì 12 méjì ni wọ́n sì so pọ̀, ẹnu pọ́sítíìfù ọ̀kan mọ́ ẹnu nẹ́gátíìfù èkejì. Ẹ má ṣe gba ọ̀rọ̀ ẹni tó ń tà á gbọ́. Ẹ fi mítà wọ̀n ọ́n. Bí ríwáyà kò bá mọ èyí, gílóòbù tuntun tó bá fi sí i yóò jó lójú ẹsẹ̀, kọ́ìlì tuntun yóò gbóná títí yóò fi kú, òun yóò sì ní kí ẹ lọ ra òmíràn.

Ẹ tún lè mọ̀ ọ́n láti ara púlọ́ọ̀gì. Ti ọkọ̀ rédíò wà nínú ìbora irin, okùn iná tó lọ sára rẹ̀ náà wà nínú ọ̀já irin tí wọ́n hun, bí bọ́ọ̀tù ni wọ́n sì ṣe ń dè é mọ́ orí púlọ́ọ̀gì. Ìdí rẹ̀ ni pé iná púlọ́ọ̀gì a máa pariwo nínú rédíò, àwọn ológun kò sì fẹ́ ariwo yẹn. Àwa kò nílò ìbora náà, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fà á ya láìní ohun tí yóò fi rọ́pò rẹ̀.

Àṣà kan wà tí a kò fara mọ́ rárá, pé kí wọ́n fi ọkọ̀ sílẹ̀ ní fóòtì 24, kí wọ́n wá máa fa fóòtì 12 láti ara bátìrì kan ṣoṣo fún kọ́ìlì tàbí iná iwájú. Bátìrì tí a ń fà yẹn kò ní kún mọ́, èkejì yóò sì máa kún jù títí omi rẹ̀ yóò fi gbẹ. Ẹ ó máa ra bátìrì lọ́dọọdún. Bí ẹgbẹ́ bá fẹ́ kí ọkọ̀ di fóòtì 12, kí wọ́n yí gbogbo rẹ̀ padà lẹ́ẹ̀kan náà: sítátà, jẹnẹrétọ̀, kọ́ìlì, gílóòbù, fèrè àti mọ́tò tó ń nu gíláàsì iwájú. Ó náni lówó, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan náà ni. Lẹ́yìn èyí, ohun tó wà lọ́jà fún ọkọ̀ yòókù yóò bá tiyín mu.

Ó wá kù bí ọkọ̀ kò bá sítáàtì. Ẹ́ńjìnnì pẹtiróòlù tó wọ́pọ̀ lára wọn jẹ́ olójú mẹ́rin, lítà méjì àti díẹ̀ (2,286 cc). Bí sítátà bá ń yí i dáadáa tí kò sì jó, ohun méjì ni kí ẹ kọ́kọ́ bi í léèrè: ṣé iná dé? Ṣé epo dé? Ẹ má tú nǹkan kan kí ẹ tó gba èsì.

Láti mọ̀ bóyá iná dé, ẹ yọ púlọ́ọ̀gì kan, ẹ tún fi okùn rẹ̀ bọ̀ ọ́ lórí, ẹ gbé e lé irin ẹ́ńjìnnì jìnnà sí epo, kí ẹnì kan sì yí kọ́kọ́rọ́. Bí iná búlúù bá ń ta kíkankíkan, ẹ fi ọ̀rọ̀ iná sílẹ̀. Bí ó bá pọ́n rẹ́súrẹ́sú tàbí tí kò sí rárá, ẹ ṣí orí dísítíríbútọ̀. Kọ́ńtáàtì méjì kéékèèké wà níbẹ̀ tó ń ṣí tó ń pa dé. Lára ọkọ̀ tó ti pẹ́ nílẹ̀, ojú wọn a máa dúdú. Ẹ fi ìwé iyanrìn tó kúná nù wọ́n, kí ẹ sì wọn àlàfo wọn nígbà tí wọ́n bá ṣí tán: ínǹṣì 0.014 sí 0.016 ló yẹ kó jẹ́. Ẹ nu inú ìdérí rẹ̀ gbẹ, nítorí òòrùn àti òjò ilẹ̀ wa a máa jẹ́ kí ó làágùn. Bí ẹnì kan bá sì ti tú àwọn okùn náà rí, ẹ wò ó bóyá ó tò wọ́n bó ti yẹ. Ojú tó súnmọ́ rédíétọ̀ ni èkíní, bí wọ́n sì ṣe ń jó tẹ̀lé ara wọn ni 1, 3, 4, 2. Okùn méjì tó bá gba ipò ara wọn tó láti jẹ́ kí ọkọ̀ máa yìnbọn láìlọ.

Bí iná bá dé, ẹ wo epo. Lára pọ́ǹpù epo, ní ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì, ife gíláàsì kékeré kan wà lára púpọ̀ nínú wọn. Ẹ wò ó ní ojúmọmọ. Omi yóò wà nísàlẹ̀, epo yóò wà lókè rẹ̀, ìdọ̀tí yóò sì ti sùn sídìí. Ẹ tú u, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ dá a padà. Ọ̀pá kékeré kan wà lábẹ́ pọ́ǹpù náà tí a lè fi ọwọ́ fà láti gbé epo dé káábúrétọ̀ láìyí ẹ́ńjìnnì. Bí epo bá dé káábúrétọ̀ tí ọkọ̀ ṣì ń kọ́ bí ẹni tí ikọ́ ń ṣe, tí kò lè dúró jẹ́ẹ́ níbi tó bá ti dúró, tó sì jẹ́ Zenith ni wọ́n kọ sára rẹ̀, ẹ tú orí rẹ̀. Ooru a máa mú kí ojú tí wọ́n fi pàdé tẹ̀, epo a sì máa gba ibi tí kò yẹ. A kò ní ra tuntun nítorí èyí. Ẹ tẹ́ ìwé iyanrìn tó kúná lé orí gíláàsì tó tẹ́jú, kí ẹ máa fi ojú irin náà yí lórí rẹ̀ jẹ́jẹ́ títí yóò fi dọ́gba, kí ẹ wá fi gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun dé e.

Bí bátìrì bá kú sínú oko, púpọ̀ nínú wọn ní irin tí a fi ń yí ẹ́ńjìnnì láti iwájú. Kí gíà wà ní ọ̀fẹ́, kí àtàǹpàkò wà ní ẹ̀gbẹ́ kan náà pẹ̀lú ìka yòókù, kí ẹ sì fà á sókè; ẹ má tì í sísàlẹ̀. Bí ẹ́ńjìnnì bá ta padà, irin yóò bọ́ lọ́wọ́ yín láìṣẹ́ yín léegun.

Àìsàn kan wà tó máa ń dẹ́rù ba dẹ́rẹ́bà, tí kò sì yẹ kó dẹ́rù bà á. Ọkọ̀ ru ẹrù, ó ń gun òkè, ohun kan dún ‘gbà!’ lẹ́yìn, ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, gíà wọlé, ọkọ̀ kò lọ. Ọ̀pá tó ń yí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ló ṣẹ́, èyí tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní hááfù ṣáàfù. Ẹ tẹ ọ̀pá tí orí rẹ̀ jẹ́ yẹ́lò sísàlẹ̀, ẹsẹ̀ iwájú yóò gba iṣẹ́, yóò sì gbé yín délé jẹ́jẹ́. Nílé, bọ́ọ̀tù mẹ́fà ni ẹ ó tú ní àárín ẹsẹ̀, ọ̀pá náà yóò sì fà jáde láìyọ táyà. Ẹ rí i dájú pé ẹ yọ èyí tó kù sínú pẹ̀lú gbogbo àfọ́kù rẹ̀, nítorí àfọ́kù kan lè jẹ gíà ẹ̀yìn run. Ohun tó sì máa ń dá kún àrùn yìí ni fífi ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rìn lórí ọ̀dà tó gbẹ. Ọkọ̀ yìí kò ní ohun tó ń pín agbára láàrin iwájú àti ẹ̀yìn, nítorí náà wọ́n á máa lọ́ ara wọn. Bí ẹ bá ti jáde kúrò nínú ẹrẹ̀, ẹ dúró, ẹ fa ọ̀pá olórí pupa sẹ́yìn pátápátá, kí ẹ sì tún tì í síwájú. Yẹ́lò yóò fò sókè fúnra rẹ̀.

Ní ti bíréèkì, a kò ní fọwọ́ yẹpẹrẹ mú un, nítorí ènìyàn ló ń jókòó lórí àpò kòkó lẹ́yìn, bí a tilẹ̀ ń sọ pé kí wọ́n má ṣe bẹ́ẹ̀. Lára púpọ̀ nínú àwọn ọkọ̀ àtijọ́ wọ̀nyí, ọ̀nà kan ṣoṣo ni omi bíréèkì ń gbà dé ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bí ó bá jò níbì kan, gbogbo rẹ̀ lọ. Ẹ má ṣe da ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tàbí kẹrosíìnì sí i láé; yóò jẹ́ kí rọ́bà inú rẹ̀ wú, bíréèkì yóò sì kú lójú ọ̀nà. Bí ẹ bá ṣí ìlù bíréèkì, ẹ má fẹ́ eruku inú rẹ̀ lẹ́nu, ẹ má sì fi afẹ́fẹ́ pọ́ǹpù lé e. Wọ́n máa ń po asibẹ́sítọ́ọ̀sì mọ́ awọ bíréèkì láyé ìgbà náà, ó sì ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Omi ni kí ẹ fi rin ín, kí ẹ fi àkísà nù ún, kí ẹ sì sin àkísà náà.

Rédíétọ̀ àti táyà kò yàtọ̀ sí ti ọkọ̀ mìíràn, ẹ ti mọ èyí. Ṣùgbọ́n ẹ yí ọ̀dà rẹ̀ padà kó má ṣe jọ ti ológun mọ́, kí ẹ sì fi ìwé gbàǹjo pamọ́ sínú àpótí ẹgbẹ́, kí ẹ̀dà rẹ̀ wà nínú ọkọ̀.

Ó ku sípáǹà. Sípáǹà mílímítà tó wà lọ́wọ́ àwọn mẹkáníìkì òde òní kò bá ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀tù ọkọ̀ yìí mu. Ó máa ń fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ̀ ọ́, bẹ́ẹ̀ ni yóò sì ṣe yí orí bọ́ọ̀tù di róbótó. Kí ẹgbẹ́ ra sípáǹà oní-ínǹṣì tirẹ̀ àti irin pẹlẹbẹ tí a fi ń wọn àlàfo kọ́ńtáàtì, kí akápò kọ wọ́n sínú ìwé ohun ìní ẹgbẹ́, kí dẹ́rẹ́bà sì fọwọ́ sí i nígbàkígbà tó bá kó wọn jáde.