Ibi tí Orúkọ Igi Holly ti Ṣẹ̀ Wá

Igi kan wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí a ń pè ní holly. Ewé rẹ̀ ní ẹ̀gún létí, èso rẹ̀ pupa, kì í sì í wọ́wé nígbà òtútù. Òun ni wọ́n fi ń ṣe ilé Ọlọ́run lọ́ṣọ̀ọ́ níbẹ̀ ní àkókò Kérésìmesì. Nítorí náà ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé inú holy, èyí tí í ṣe “mímọ́,” ni orúkọ rẹ̀ ti jáde. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí. Ṣùgbọ́n òtítọ́ ha ni bí?

Ẹ jẹ́ kí a bi àwọn ìwé àtijọ́. Nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì ìgbà láéláé, ṣáájú ọdún 1066, holegn ni igi náà ń jẹ́, hālig sì ni “mímọ́.” Lẹ́yìn ìgbà pípẹ́ ni a inú hālig di o lẹ́nu àwọn ènìyàn, tí n sì bọ́ kúrò ní ìdí orúkọ igi náà. Báyìí ni ọ̀rọ̀ méjì tí kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà ṣe wá jọ ara wọn.

Ta wá ni ìbátan holegn? Ní èdè Jámánì àtijọ́ a rí hulis. Láti ẹnu àwọn Frank, tí í ṣe ẹ̀yà Jámánì, ni Faransé ti rí houx. Ní èdè Wales, celyn ni; k ni wọ́n sì ń pe c rẹ̀. Báwo ni k ṣe di h? Rasmus Rask ará Dẹ́nmáàkì ní 1818, àti Jacob Grimm ará Jámánì ní 1822, fi hàn pé níbi tí Látìnì gbé ní k, h ni àwọn èdè ìdílé Jámánì ń ní: cornu ni horn, èyíinì ni ìwo, centum ni hundred, èyíinì ni ọgọ́rùn-ún. Nítorí náà ìdílé kan ni celyn àti holly, àwọn ọ̀mọ̀wé sì tọpa wọn dé gbòǹgbò kan tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ “gún.” Ẹ̀gún ni ó sọ igi náà lórúkọ.

Àwọn ará Jámánì tún ń pè é ní Stechpalme, “ọ̀pẹ ẹlẹ́gùn-ún,” nítorí wọ́n a máa gbé e dípò imọ̀ ọ̀pẹ ní Ọjọ́ Ìsinmi Ọ̀pẹ. Ìlò rẹ̀ ni ó mú un wọ ilé Ọlọ́run, kì í ṣe orúkọ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí àwa tí a ń kọ́ni ṣọ́ra. Ẹni tí ó fi ìjọra ọ̀rọ̀ ṣe ìpìlẹ̀ ẹ̀kọ́, orí iyanrìn ni ó kọ́lé sí.