Kí Ọkọ̀ Tó Gbéra, Ẹ Bèèrè Búrẹ́kì Rẹ̀

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lóṣù yìí kò kan awakọ̀ nìkan. Ó kan gbogbo àwa tí à ń kó iṣu, gàrí àti epo sọ́kọ̀ láti Ìjàrà-Ìsin lọ sí Òmù-Àrán, Àjàṣẹ́-Ìpo àti Ìlọrin.

Nígbà iṣu tuntun kan, a háyà ọkọ̀ láti kó iṣu wa. Bí a ti ń sọ̀ kalẹ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan, awakọ̀ tẹ búrẹ́kì, ẹsẹ̀ rẹ̀ wọlẹ̀ pátápátá, ọkọ̀ kò sì dúró. Ọlọ́run ló yọ wá. Ó fi jíà kékeré mú un, ọkọ̀ sì lọ forí ti òkìtì yẹ̀pẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà. Iṣu dá wẹ́wẹ́, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò kú. Nígbà tí mẹkáníìkì tú u wò, omi ọṣẹ ló bá níbi tí ó yẹ kí ọ́ìlì búrẹ́kì wà! Ẹni tó bu omi náà sí i rò pé òun ń ṣọ́wó ná ni.

Ẹ jẹ́ kí ó yé wa. Bí awakọ̀ bá tẹ búrẹ́kì, ọ́ìlì inú páìpù ló ń gbé agbára ẹsẹ̀ rẹ̀ dé ìdí táyà, tí páàdì yóò fi há irin tó ń yí mọ́. Ibẹ̀ a máa gbóná gan-an, pàápàá bí ẹrù bá wúwo. Omi lásán a máa hó ní ìwọ̀n ooru 100 Celsius. Ọ́ìlì tuntun tí wọ́n kọ DOT 3 sí lára kì í hó títí yóò fi dé 205, ó kéré tán. Ohun tó bá hó nínú páìpù ti di afẹ́fẹ́ nìyẹn. Afẹ́fẹ́ a sì máa rọ̀ bíi tìmùtìmù, kò lè gbé agbára ẹsẹ̀ dé ibì kankan.

Ọ́ìlì náà a máa fa omi láti inú afẹ́fẹ́ bó bá ti ń pẹ́. Ìdí nìyí tí ó fi dára kí a pààrọ̀ rẹ̀ ní ọdún 2 sí ara wọn. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ńkọ́? Ẹ má dán an wò! Ńṣe ni yóò mú kí rọ́bà inú búrẹ́kì wú, yóò sì bà á jẹ́.

Àwọn àmì tó yẹ kí a máa wò nìyí:

1. Búrẹ́kì rọ̀ lẹ́sẹ̀, tàbí ó ń wọlẹ̀ jù.
2. Irin ń ha irin tí a bá tẹ̀ ẹ́.
3. Ọkọ̀ ń fà sí ẹ̀gbẹ́ kan.
4. Ọ́ìlì ń dín kù, tàbí inú táyà tutù.

Àìtètè mólè, olè ń mú olóko. Ẹ rántí pẹ̀lú pé bí eré ọkọ̀ bá di ìlọ́po 2, ilẹ̀ tí búrẹ́kì nílò láti dá a dúró yóò di ìlọ́po 4. Jíà kékeré ni kí awakọ̀ fi sọ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, kí ó má kàn fi ẹsẹ̀ lé búrẹ́kì láti òkè délẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a bá ara wa sọ òótọ́. Àwa oníṣòwò náà ni à ń ní kí awakọ̀ fi àpò méjì kún un, àwa náà la tún ń yọ nínú owó rẹ̀. Níbo ni yóò ti rí owó ọ́ìlì? Àbá wa ni pé kí ẹni tó bá yá owó ẹgbẹ́ ra ọkọ̀ ya owó búrẹ́kì sọ́tọ̀ lóṣooṣù. Kí àwa tí à ń háyà ọkọ̀ sì bèèrè búrẹ́kì kí a tó na owó. Iṣu tó dá, a ó tún òmíràn gbìn. Ẹ̀mí kò ní ẹ̀bù.